Kán-ún inú ewédú: àlàyé lórí ẹ̀rún nánò tí ń fi oòrùn fọ omi

Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró lẹ́yìn ilé ìlọ-ẹ̀gẹ́ rí ní Ògbómọ̀ṣọ́ yóò mọ òórùn tí mò ń sọ. Wọn yóò ti lọ ẹ̀gẹ́ tán, wọn yóò rọ ọ́ sínú àpò, wọn yóò to àwọn àpò náà léra wọn sábẹ́ jáàkì, wọn yóò sì máa fún un mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí omi funfun bíi wàrà yóò fi máa ṣàn jáde lára àpò, tí yóò gba ojú àgbàrá kékeré tí wọ́n fi ọkọ́ là sílẹ̀ bọ́ sí ẹ̀yìn ògiri. Ibi tí omi yìí bá dárogún sí, koríko kì í fi bẹ́ẹ̀ hù níbẹ̀. Ilẹ̀ a dúdú, a sì máa yọ̀, àwọn tó ní ẹran ọ̀sìn a sì máa lé ewúrẹ́ wọn kúrò níbẹ̀ nítorí wọ́n mọ̀ pé oró wà nínú rẹ̀. Oró náà ni àwọn onímọ̀ ń pè ní sàyánáìdì. Ní ọ̀pọ̀ ibi, kànga tí wọ́n ti ń fa omi tí wọ́n fi ń ṣan ẹ̀gẹ́ kò jìnnà sí ibẹ̀ rárá.

Omi ẹ̀yìn ilé ìlọ-ẹ̀gẹ́ yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun tí ń fi oòrùn fọ omi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnu àwọn èèyàn, pàápàá láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní agbègbè Under-G. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìyẹ̀fun kan wà tí a ó bù sínú omi ìdọ̀tí, tí a ó gbé omi náà sínú oòrùn, tí ìdọ̀tí inú rẹ̀ yóò sì pòórá. Àwọn kan gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ iṣẹ́ ìyanu, àwọn mìíràn sì kà á sí gbájú-ẹ̀ tuntun. Ìmọ̀ gidi ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń wádìí rẹ̀, ó sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Lójú tèmi, ibi tó yẹ kí a ti kọ́kọ́ lò ó ni ibi tí ìdọ̀tí gan-an ti ń jáde, irú ẹ̀yìn ilé ìlọ-ẹ̀gẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí, kí àmù omi mímu ṣì dúró ná. Ṣùgbọ́n kí n tó lè sọ ìdí rẹ̀, ó di dandan kí n ṣàlàyé bí ìyẹ̀fun náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Omi tí wọ́n ń fọ̀ láti ibi ìsédò Odò Ọba kì í dé gbogbo ilé, nítorí náà kànga ni ọ̀pọ̀ agbo ilé gbójú lé. Orí àpáta ni ìlú wa wà, kànga kì í sábà jìn, ohun tó bá sì dà sílẹ̀ lókè ni ó ń rọra wọ inú rẹ̀ lọ. Nígbà tí omi bá dà rú, álọ́ọ̀mù ni àwọn ìyá wa ń jù sí i. Álọ́ọ̀mù ń kó ẹrẹ̀ jọ, ó ń mú un rọ̀ sí ìsàlẹ̀, omi a sì mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan ṣe sí èyí tó ti yọ́ mọ́ omi pátápátá, irú bí oògùn apakoríko, oró ẹ̀gẹ́, àti ìyókù oògùn òyìnbó tí ń ti ara aláìsàn bọ́ sínú ṣáláńgá. Kúlóríìnì ní tirẹ̀ ń pa kòkòrò àrùn dáadáa, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn kẹ́míkà wọ̀nyí ni kò rí gbé ṣe. Ohun tí àwọn olùwádìí ń wá ni nǹkan tí yóò fọ́ wọn wẹ́wẹ́ títí wọn yóò fi di omi lásán àti irú afẹ́fẹ́ tí a ń mí síta.

Ìyẹ̀fun náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí wọ́n ń pè ní semiconductor. Bàbà inú wáyà ń jẹ́ kí iná kọjá fàlàlà, pákó kì í jẹ́ kí ó kọjá rárá. Semiconductor wà láàárín àwọn méjèèjì, ó ní ìgbà tó ń gbà fún iná àti ìgbà tí kì í gbà. Irú rẹ̀ ni silicon tó wà nínú fóònù àti nínú sólà tó kún orí òrùlé káàkiri ìlú báyìí. Àwọn méjì tí wọ́n sábà máa ń lò fún omi kò ṣàjèjì sí wa bí a kò tilẹ̀ mọ orúkọ wọn: titanium dioxide ni ohun funfun tó wà nínú ọ̀dà tí a fi ń kun ògiri, zinc oxide sì wà nínú kálámáìnì tí a fi ń pa ara ọmọ tí ooru mú kí ara rẹ̀ sú.

Nínú ẹ̀rún kọ̀ọ̀kan ìyẹ̀fun yìí, àwọn ẹlẹ́kítíróònù, ìyẹn àwọn wóró tíńtín tí ìrìn wọn ń di iná mànàmáná, jókòó pa sí ìsàlẹ̀, wọn kò lè rìn. Òkè kan wà tí wọ́n ti lè rìn bó ṣe wù wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀gbun wà láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè náà, kò sì sí èyí tó lè dá a fò nínú wọn. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń ta wọ́n nídìí. Bí ìmọ́lẹ̀ tó lágbára tó bá bà lé ẹ̀rún náà, ẹlẹ́kítíróònù kan a fò ré ọ̀gbun kọjá, a sì fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ààyè òfìfo yìí gan-an ni alágbára inú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé kò ní gbà láti wà bẹ́ẹ̀: yóò já ẹlẹ́kítíróònù gbà lọ́wọ́ omi tó bá fara kàn án, omi tí wọ́n jà lólè náà yóò sì di nǹkan mìíràn tí wọ́n ń pè ní hydroxyl radical. Èyí tó fò lọ sókè kò ní jókòó lásán pẹ̀lú. Ọ́síjìn tó wà nínú omi ni yóò dì mọ́, tí yóò sì sọ òun náà di oníjàgídíjàgan. Ayé hydroxyl radical kúrú gan-an, kí èèyàn tó ṣẹ́jú ó ti kú, ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá pàdé kí ó tó kú ni ó ń ya: aró, oògùn, awọ ara kòkòrò àrùn. Bí ọ̀kan bá ti ya nǹkan tán, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a tún ya àjákù rẹ̀, ìyẹ̀fun náà fúnra rẹ̀ kò sì ní dín kù, nítorí pé alárinà lásán ni nínú ìjà náà.

Ní 1972, àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè Japan méjì, Akira Fujishima àti Kenichi Honda, tẹ iṣẹ́ ìwádìí kan jáde tó mú kí ayé yíjú sí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n fi hàn pé bí ìmọ́lẹ̀ bá bà lé titanium dioxide tó wà nínú omi, a lè tipa bẹ́ẹ̀ ya omi sí ọ́síjìn àti háídírójìn. Háídírójìn tí a lè fi ṣe epo ni ojú ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ wà lára rẹ̀. Ní 1977 ni Steven Frank àti Allen Bard, ní Amẹ́ríkà, lo ìyẹ̀fun náà láti ba sàyánáìdì inú omi jẹ́. Mo fẹ́ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí oró tó wà nínú omi ẹ̀gẹ́ wa náà ni: ọ̀kan nínú àwọn ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun yìí fọ̀ kúrò nínú omi jẹ́ ohun tí ń ṣàn lẹ́yìn ògiri wa lójoojúmọ́. Nígbà tó di 1985, àwọn olùwádìí mìíràn ní Japan fi hàn pé ó ń pa kòkòrò àrùn pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ nánò ibẹ̀ kò le. Ìjà tí mo ròyìn yìí, ojú ẹ̀rún ni ó ti ń wáyé, inú ẹ̀rún kò mọ nǹkan kan sí i. Nítorí náà bí ojú bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ ń pọ̀ tó. Ẹni tó bá gé iṣu sí wẹ́wẹ́ kí ó lè tètè jinná ti lo ìmọ̀ kan náà. Nanómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan mìlímítà. Ohun tí kò bá ju 100 nanómítà lọ ni wọ́n ń pè ní ẹ̀rún nánò, irun orí èèyàn sì nípọn tó nǹkan bí 80,000 nanómítà. Irú titanium dioxide kan wà tí àwọn olùwádìí fi ṣe òṣùwọ̀n, tí wọ́n ń pè ní P25: gíráàmù kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ní ojú tó fẹ̀ tó nǹkan bí 50 mítà onígun mẹ́rin, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ilẹ̀ yàrá mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú àti lóòró. Irú ẹ̀rún semiconductor kékeré bẹ́ẹ̀ ni ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́míkà fún Moungi Bawendi, Louis Brus àti Alexei Ekimov ní 2023, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ ni tiwọn, kì í ṣe ti omi.

Wàhálà titanium dioxide ni pé ọ̀gbun inú rẹ̀ fẹ̀ jù. Wọ́n wọ̀n ọ́n sí 3.2 electronvolt, tó jẹ́ òṣùwọ̀n agbára; bí ìgbì ìmọ́lẹ̀ bá sì ṣe gùn tó ni agbára rẹ̀ ń dín kù, èyí tó túmọ̀ sí pé ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ bá gùn ju nǹkan bí 387 nanómítà lọ kò lè ti ẹlẹ́kítíróònù kankan fò ó. Láti nǹkan bí 400 nanómítà lọ sókè sì ni ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ìtànṣán ultraviolet nìkan ló kù, èyí tí ojú kì í rí, tó ń mú kí aṣọ tí a sá sóòrùn pẹ́ ṣá. Gbogbo ultraviolet inú oòrùn tó ń dé ilẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìdá 4 tàbí 5 nínú 100 lọ. Ó dà bí ẹni tó mú 1,000 náírà lọ sọ́jà, tí ọlọ́jà sì ní 50 náírà péré ni òun máa gbà nínú rẹ̀. Oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ ní oṣù kejì ọdún, tí ń ta èèyàn láta lórí bí ata, orí ìyẹ̀fun funfun yìí ni ó kàn ń bà tí ó sì ń padà.

Ibí yìí ni kán-ún ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá ń se ewédú mọ̀ pé kán-ún tí kò ju orí èékánná lọ tó láti mú kí ewé tètè rọ̀ kí ó sì máa fà dáadáa. Ewédú náà ṣì ni, kò di ilá, kò di gbẹ̀gìrì. Ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ ti yí padà nítorí ohun kékeré tí a bù sí i. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe sí semiconductor nìyẹn. Doping ni wọ́n ń pè é; èmi yóò máa pè é ní ìbùsí. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìyẹ̀fun náà lọ́wọ́, wọn yóò bu èròjà mìíràn díẹ̀ sí i, kì í ṣe bí ẹni po iyanrìn mọ́ sìmẹ́ńtì, bí kò ṣe kí èròjà náà lè wọ inú ẹ̀rún gan-an lọ jókòó sí ààyè tí ó yẹ kí ọmọ ilé jókòó sí. Irin, fún àpẹẹrẹ, fẹ́rẹ̀ẹ́ bá titanium dọ́gba ní títóbi, nítorí náà ó lè jókòó sí ààyè titanium láìsí pé ilé ń wó. Nàítírójìn a máa gba ààyè díẹ̀ lára ààyè ọ́síjìn.

Bí àlejò yìí bá ti jókòó tán, ó máa ń dà bí òkúta tí a sọ sáàárín odò kí èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ kọjá: ọ̀gbun tí ẹlẹ́kítíróònù kò lè fò lẹ́ẹ̀kan náà di èyí tí ìmọ́lẹ̀ aláìlágbára púpọ̀ lè tì í kọjá. Ní 2001, Ryoji Asahi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi hàn pé titanium dioxide tí wọ́n bu nàítírójìn sí ń ṣiṣẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú irú ìyẹ̀fun yìí ni pé èèyàn kò nílò ẹ̀rọ láti mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Èyí tí a kò bu nǹkan sí funfun báláú bí ẹfun, nítorí pé gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí ni ó ń dá padà. Èyí tí a bu nàítírójìn sí a máa pupa rúsúrúsú bíi gààrí tí wọ́n fi epo díẹ̀ sí, nítorí pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé apá búlúù ìmọ́lẹ̀ mì. Lóòótọ́, agbára tó ń rí lò nínú ìmọ́lẹ̀ ojú kò tó èyí tó ń rí nínú ultraviolet, àwọn tí ń polówó rẹ̀ kì í sì í sábà sọ èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọlọ́jà ń gba 50 náírà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú 1,000, bí ó bá gba 150, èrè ni.

Èròjà ìbùsí a tún máa ṣe iṣẹ́ kejì. Ẹlẹ́kítíróònù tó fò kì í sábà pẹ́ lókè. Kí ó tó rí ọ́síjìn dì mọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó ti ń já padà sínú ààyè òfìfo tó fi sílẹ̀, tí gbogbo làálàá ìmọ́lẹ̀ yóò sì di ooru lásán. Irin tó bá wà nítòsí lè dá a dúró díẹ̀ lókè. Ní 1994, Wonyong Choi, Andreas Termin àti Michael Hoffmann ní Amẹ́ríkà gbé irú irin 21 wò lọ́kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ìbùsí nínú titanium dioxide. Irin tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń rọ wà lára àwọn tó ṣe dáadáa, ní ìwọ̀n tí kò ju ìdajì ìdá kan nínú 100 lọ. Cobalt àti alumíníọ̀mù ṣe ni wọ́n dín agbára ìyẹ̀fun náà kù. Bí èyí tó dára gan-an bá sì pọ̀ jù, òun náà yóò di ihò tí ẹlẹ́kítíróònù ń já sí tí kò ní jáde mọ́. Ìyá tó bá bu kán-ún kún ọwọ́ sí ewédú kò níí rí ẹni bá a jẹ ẹ́.

Ní ìlú wa níbí, yunifásítì LAUTECH ní ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí kan tí wọ́n ń pè ní NANO+, tí wọ́n ti gbajúmọ̀ fún fífi èèpo obì, èèpo kòkó, àní jàǹkáríwọ̀ pàápàá, ṣe ẹ̀rún nánò fàdákà. Mo mẹ́nu bà wọ́n nítorí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń pa ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Fàdákà kì í ṣe semiconductor. Ó ń pa kòkòrò àrùn láìdúró de ìmọ́lẹ̀, kò sì ní ọ̀gbun kankan tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n fífi omi ewé àti èèpo ṣe ẹ̀rún nánò lè ṣiṣẹ́ fún zinc oxide náà, èyí sì lè dín owó kẹ́míkà tí à ń rà láti òkè òkun kù. Ibi tí ọwọ́ wa ti ń kéré ni ìgbà tí ìyẹ̀fun bá ti wà nílẹ̀ tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé ìgò méjì sórí òkúta nínú oòrùn ọ̀sán. Omi inú méjèèjì ni ó fi methylene blue pa láró, ó sì mọ́lẹ̀ bí aṣọ ẹlú tuntun. Ó bu ìyẹ̀fun díẹ̀ sí ọ̀kan, ó mì ín títí ó fi dà bí ẹ̀kọ mímu tí wọ́n pa láró, ó sì fi èkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa tó ìrọ̀lẹ́, tí ó fa díẹ̀ jáde láti inú ìgò àkọ́kọ́, tí ó jẹ́ kí ìyẹ̀fun rọ̀, omi tó kù lókè mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí ìlà ọwọ́ rẹ̀ gba inú gíláàsì. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ìgò kejì, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, òun náà ti ṣá díẹ̀, bí ankárá ṣe ń ṣá lórí okùn. Bí kò bá gbé ìgò kejì yẹn kalẹ̀ ni, ìyẹ̀fun ni ì bá gba ìyìn gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí oòrùn dá ṣe.

Èyí kọ́ nìkan ni ìṣọ́ra tó yẹ. Methylene blue jẹ́ aró tó lè sọ àwọ̀ rẹ̀ nù láìsí pé ó fọ́, nítorí náà pé omi mọ́ lójú kò túmọ̀ sí pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ti kúrò; ó yẹ kí wọ́n wọn iye carbon, èròjà tó wà nínú aró náà, tó ṣẹ́ kù nínú omi náà kí wọ́n tó sọ pé ó parí. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn nǹkan kan wà tí ìyẹ̀fun náà kì í lè fọ́ dópin. Atrazine, tó jẹ́ oògùn apakoríko tí àwọn àgbẹ̀ àgbàdo mọ̀ dáadáa, máa ń fọ́ dé ibi cyanuric acid, a sì dúró síbẹ̀. Òjé àti àwọn irin olóró mìíràn kò ṣe é fọ́ rárá, nítorí pé èròjà ni àwọn fúnra wọn. Èyí tó dára jù tí ìyẹ̀fun lè ṣe ni kí ó sọ irú èyí tó burú jù lára wọn di irú tí oró rẹ̀ dín kù, bó ṣe ń ṣe fún chromium.

Ohun tó wá mú mi kọ ojú ọ̀rọ̀ náà sí orísun ìdọ̀tí ni pé omi yàrá ìwádìí kò jọ omi ilé wa. Omi tí wọ́n ti sè tí wọ́n sì gba ooru rẹ̀ kí ó tún di omi ni akẹ́kọ̀ọ́ yẹn lò, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi aró rẹ̀. Omi kànga tiwa ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní bicarbonate, pàápàá irú omi tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, bicarbonate sì máa ń gbé hydroxyl radical mì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a rán an sí. Omi ẹ̀gẹ́ tún wá burú jù: ó kún fún sítáàṣì, ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ inú rẹ̀ jù ìka kan lọ, sítáàṣì náà ni àwọn oníjàgídíjàgan yẹn yóò sì kọ́kọ́ dojú kọ nítorí pé òun ló pọ̀ jù. Omi náà tún kan, zinc oxide a sì máa yọ́ nínú omi tó bá kan; ẹni tó bá bù ú sínú rẹ̀ ti da zinc rẹ̀ nù ni. Àwọn kan a máa dábàá semiconductor mìíràn, cadmium sulphide, nítorí pé ọ̀gbun rẹ̀ kò fẹ̀, ó sì ń gba ìmọ́lẹ̀ ojú láìsí ìbùsí kankan. Cadmium fúnra rẹ̀ jẹ́ májèlé tó ń ba kíndìnrín jẹ́, oòrùn sì lè mú kí ó máa yọ́ sínú omi díẹ̀díẹ̀. Titanium dioxide nìkan ló kù tí ọkàn mi balẹ̀ sí fún irú iṣẹ́ yìí, torí òun kì í yọ́.

Kí a tó dé orí ìyẹn pàápàá, ta ni yóò kó ìyẹ̀fun jáde kúrò nínú omi? Ẹ̀rún tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kì í tètè rọ̀ sísàlẹ̀, kò sí asẹ́ ilé tó lè dá a dúró. Ní yàrá ìwádìí, ẹ̀rọ kan wà tí ń yí omi kíákíá títí ìyẹ̀fun yóò fi lẹ̀ mọ́ ìdí ìgò. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò sí ní ojúlé ẹnikẹ́ni. Ojútùú tí mo rí pé ó mọ́gbọ́n dání ni kí wọ́n lẹ ẹ̀rún náà mọ́ nǹkan tó lágbára, bíi gíláàsì tàbí amọ̀ sísun, kí omi máa gba orí rẹ̀ kọjá, kí ìyẹ̀fun dúró sí àyè rẹ̀. Èèyàn lè rò pé àwọn amọ̀kòkò wa ti gba iṣẹ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó le: irú titanium dioxide tó ń ṣiṣẹ́ jù, tí wọ́n ń pè ní anatase, a máa di irú mìíràn tí wọ́n ń pè ní rutile bí ooru bá kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 600 lórí Celsius, iná tí wọ́n fi ń sun ìkòkò níta gbangba sì sábà máa ń kọjá bẹ́ẹ̀. Ìkòkò ni kí wọ́n kọ́kọ́ sun, kí wọ́n tó wá kun ìyẹ̀fun sí i, kí wọ́n sì fi iná tí kò tó bẹ́ẹ̀ yan án lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀rọ̀ ìlera náà wà níbẹ̀. Àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù fi òfin de titanium dioxide nínú oúnjẹ ní 2022, lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ wọn sọ pé àwọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé kò lè ṣe ìpalára fún ohun àbùdá inú ara. Òfin náà kò kan omi, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí n sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bu ìyẹ̀fun yìí sínú omi tí yóò mu. Ẹni tó bá ń pò ó ní láti bo imú, nítorí fífà á símú gbígbẹ ni ó ń kọ àwọn olùwádìí lóminú jù.

Fún omi mímu ilé, ọ̀nà kan tiẹ̀ wà tí kò ní ìyẹ̀fun kankan nínú, tí àwọn olùwádìí ilé-iṣẹ́ Eawag ní Switzerland ti ń gbé lárugẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Èèyàn yóò rọ omi tí kò dà rú sínú ìgò oníke tó mọ́ gaara, yóò tẹ́ ẹ sórí páànù nínú oòrùn fún wákàtí 6, tàbí fún ọjọ́ méjì gbáko bí ojú ọ̀run bá ṣú. Kòkòrò àrùn ni èyí ń pa, títí kan èyí tó ń fa onígbáméjì, irú èyí tó tún jà ní orílẹ̀-èdè yìí ní 2024. Kò rí nǹkan ṣe sí kẹ́míkà. Nígbà tí oòrùn lásán bá sì ti lè ṣe iṣẹ́ yẹn fún agbo ilé, èmi kò rí ìdí tí a ó fi gbé ẹ̀rún nánò lé àwọn ìyá lọ́wọ́.

Ní ilé ìlọ-ẹ̀gẹ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. A mọ ohun tó wà nínú omi náà, a mọ ibi tó ti ń jáde, ẹnikẹ́ni kò sì ní mu ún. Wọn yóò kọ́kọ́ jẹ́ kí ó rọ̀ nínú kòtò tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, kí sítáàṣì lè dúró sísàlẹ̀, èyí tí wọ́n lè kó tà. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi nǹkan bí eérú pa kíkan rẹ̀, nítorí inú omi tó kan ni sàyánáìdì ti ń di afẹ́fẹ́ tí yóò lọ bá imú èèyàn dípò kí ó dúró kí a fọ́ ọ. Bí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà bá fẹ́ fọ́ sàyánáìdì, omi tí kò kan ni wọ́n ti ń ṣe é. Omi tó bá mọ́ lójú lẹ́yìn èyí ni yóò wá máa ṣàn lọ́ra lórí àwo pẹrẹsẹ tí wọ́n ti lẹ titanium dioxide oníbùsí mọ́, nínú oòrùn. Ní àsìkò òjò yóò falẹ̀, ní àsìkò ọyẹ́ eruku yóò bò ó, ẹnì kan yóò sì ní láti máa nù ún. Kò sí nǹkan ìyanu nínú gbogbo rẹ̀, iṣẹ́ birikìlà àti ti amọ̀kòkò ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Mo gbé àbá yìí lọ bá ìyá kan tó ní ilé ìlọ-ẹ̀gẹ́. Mo ní, "Ìyá, bí wọ́n bá gbé àwo náà wá, ṣé ẹ ó fún un láyè?" Wọ́n bi mí bí ó ṣe fẹ̀ tó. Mo ní ó lè tó ẹní mẹ́ta, tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Wọ́n ní ṣé dandan ni kí ó wà nínú oòrùn, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n wá yíjú wo àgbàlá wọn yíká. Igi máńgòrò ṣíji bo ìdajì rẹ̀, ẹ̀rọ ìlọ-ẹ̀gẹ́ àti àwọn jáàkì wà lábẹ́ páànù ní apá kejì. Ibi kan ṣoṣo ló kù tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rá dúdú gbọọrọ ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, láfún sì bò ó láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ibo ni kí n wá máa sá láfún mi sí?"